Báàtúbù àtijọ́ tàbí ṣáwà: bí ẹ ṣe lè yan èyí tó bá balùwẹ̀ yín mu

Ọdún tí orúnkún màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni mo tó mọ̀ pé báàtúbù ilé wa ga. Láti kékeré ni mo ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀, n kò sì ronú nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mo rí bí màmá ṣe di etí rẹ̀ mú, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, tí wọ́n wá dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde, tí wọ́n ń mí. Lẹ́yìn tí wọ́n wẹ̀ tán, mo mú tépù, mo wọn etí báàtúbù náà láti ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 47 ni. Ó ga ju ìjókòó àga lọ. Ohun tí màmá mi ń gùn láàárọ̀ àti lálẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀.

Ìjàpọ̀ ni ilé wa wà, ọ̀kan lára àwọn ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Òǹdó lọ́dún 1976. Nígbà náà, báàtúbù wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ilé tó dáa. Lónìí, bí ẹ bá wọ balùwẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé omi ni wọ́n ń pọn sínú báàtúbù, wọ́n á dúró pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa fi kọ́ọ̀bù bu omi sára. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n fi ṣáwà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é torí owó iṣẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe apá kan dáadáa, mo ṣe apá kan tí mo ní láti fọ́ dànù, mo tún un ṣe. Nínú ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo ti kọ ìfiwéra yìí, kókó rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí yóò wẹ̀, omi tó ń wọlé, àti ihò tí omi ń gbà jáde ni kí ẹ fi yan. Táìlì àti orí ṣáwà tó ń dán la máa ń kọ́kọ́ lọ wò ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ wo ni báàtúbù yín ń ṣe báyìí?

Kí ẹ tó gbé òòlù, ẹ wo iṣẹ́ tí báàtúbù náà ń ṣe nínú ilé. Nílé tí omi kì í fi gbogbo ìgbà wá, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú omi. Báàtúbù tó wọ́pọ̀, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150, fífẹ̀ rẹ̀ tó 75, ó sì lè gba omi lítà 150, ìyẹn kéègì onílítà 25 mẹ́fà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ wọ Ẹrẹ́nà, nígbà tí omi kànga ń fà sẹ́yìn (orí àpáta ni Àkúrẹ́ dúró lé, kànga tí kò jìn kì í pẹ́ gbẹ), kéègì mẹ́fà kì í ṣe omi kékeré. Bí ẹ bá yọ báàtúbù láìronú ibi tí omi yẹn máa wà, kò ní pẹ́ tí balùwẹ̀ tuntun á fi kún fún kéègì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń wẹ̀ kò sì ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé.

Síbẹ̀, báàtúbù kì í ṣe ibi tó dáa láti tọ́jú omi sí. Kò ní ìdérí. Ẹ̀fọn ń yé sínú omi tó bá dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ẹyin yẹn ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè fi orí sọlẹ̀ sínú rẹ̀, omi díẹ̀ báyìí sì tó láti gba ẹ̀mí ọmọdé. Ẹ fi wé dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí: ó ń gba lítà 200, ó ju ti báàtúbù lọ, ààyè tó sì ń fẹ́ ní igun ilé kò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Dúrọ́ọ̀mù kan ni mo kọ́kọ́ rà, kí n tó fọwọ́ kan báàtúbù. Bí kò bá sí ààyè fún dúrọ́ọ̀mù, tí kò sì sí tánkì lókè, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi báàtúbù sílẹ̀ ná títí ọ̀rọ̀ omi yóò fi yanjú.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà níwájú yín

Ọ̀nà kìíní ni pé kí ẹ fi báàtúbù sílẹ̀, kí ẹ gbé ṣáwà sí òkè orí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kéré jù: páìpù kan tó gun ògiri, orí ṣáwà, kọ́tìnì. Kò sí pé à ń fọ́lẹ̀. Ó yẹ ilé háyà, nítorí ọ̀pọ̀ onílé kò ní gbà kí ẹ fọ́ nǹkan kan. Àmọ́ etí rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí i, inú rẹ̀ kò tẹ́jú, bí ọṣẹ bá sì ti dà sí i, ó ń yọ̀. Fún ọ̀dọ́, kò burú. Fún ẹni tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta èyí ni mo kà sí èyí tó léwu jù, nítorí wọ́n á gùn ún, wọ́n á tún dúró lórí ohun tó ń yọ̀, wọ́n á sì tún gùn ún jáde pẹ̀lú ara tútù.

Ọ̀nà kejì ni tréè ṣáwà, ìyẹn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe tán, ti ike líle tàbí ti irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ní ìwọ̀n báàtúbù gan-an wà, 150 sí 75, ẹ lè gbé e sí ibi tí báàtúbù ti kúrò láìfẹ ààyè kún un. Wọ́n ti ṣe ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, omi mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ń dán irú iṣẹ́ yìí wò, tréè ló ń fi àṣìṣe jì í jù. Etí rẹ̀ sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15, ó ṣì jẹ́ ìgbésẹ̀ kékeré kan. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n ti yan ibi tí ihò wà fún yín, bí kò bá sì tẹ́ dáadáa lórí sìmẹ́ńtì, tí òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀, yóò máa rọ̀ bí ènìyàn bá dúró sí i, lọ́jọ́ kan á sì sán.

Ọ̀nà kẹta ni ilẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ onítáìlì tí kò ní etí rárá, tàbí tí etí rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Aláìlera á wọlé láìgbẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá á wọlé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àga oníke wà níbẹ̀, ẹ lè jókòó wẹ̀. Òun ló bá bí a ṣe ń wẹ̀ nílẹ̀ yìí mu jù lọ. Òun náà ló ṣòro jù láti fọwọ́ ara ẹni ṣe, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dí omi, bí ẹ bá sì ṣe é ṣákálá, omi kò ní gbà fún yín.

Ẹ yẹ ihò omi wò kí ẹ tó ra ohunkóhun

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe.

Báàtúbù jìn. Bí omi rẹ̀ bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà, á dúró nínú rẹ̀ títí yóò fi tán. Ìdí nìyẹn tí páìpù ínṣì kan ààbọ̀ fi tó o. Ilẹ̀ ṣáwà kò jìn rárá. Bí omi ṣe ń dà wọlé ló gbọ́dọ̀ máa jáde, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kún, á sì gba ẹnu ọ̀nà lọ bá yín ní pálọ̀. Páìpù ínṣì méjì ni ṣáwà ń fẹ́. Ìdajì ínṣì dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ojú páìpù ínṣì méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ojú páìpù ínṣì kan ààbọ̀.

Ẹ dán tiyín wò. Ẹ dí ihò báàtúbù, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lítà 20 sínú rẹ̀, ẹ ṣí ihò náà, kí ẹ sì máa wo aago. Bí omi bá lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó tán, a jẹ́ pé ihò yẹn kò lè gbé omi ṣáwà tó ń tú lítà 10 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà míì, ìdọ̀tí, irun àti ọṣẹ ló dí i, ẹ lè yọ ìyẹn. Nígbà míì, páìpù náà ló kéré, ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí ihò wà. Ti báàtúbù sábà máa ń wà ní ìpẹ̀kun kan, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí tréè tí ẹ fẹ́ rà bá ní ihò láàárín, páìpù gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Nílé ilẹ̀, ó ṣeé ṣe: ẹ óò la jámáànì fúlọ̀ bíi kòtò kékeré, ẹ ó tẹ́ páìpù sínú rẹ̀, ẹ ó sì da kọnkéré padà. Ṣùgbọ́n bí balùwẹ̀ yín bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ́ dẹ́kìn. Irin rọ́ọ̀dù tó gbé ilé ró wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ wá tréè tí ihò rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ti báàtúbù wà, tàbí kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé tréè sókè díẹ̀ kí páìpù lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Á ní ìgbésẹ̀ kan, ilé ò sì ní bàjẹ́.

Ẹ tún wá tráàpù, páìpù tó tẹ̀ tí omi ń dúró sínú rẹ̀. Omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ló ń dúró níbẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí òórùn sọ́kàwéè àti aáyán gòkè wá bá yín. Nílé tiwa, kò sí tráàpù lábẹ́ báàtúbù rárá. Ọdún pípẹ́ la fi ń dí ihò yẹn pẹ̀lú rọ́bà torí òórùn, a rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹ bá ní tráàpù, tí balùwẹ̀ náà sì jẹ́ ti àlejò tí a kì í sábà lò, omi inú rẹ̀ á gbẹ lákòókò ọyẹ́. Ẹ máa da kọ́ọ̀bù omi kan sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Yíyọ báàtúbù: irú wo ni tiyín?

Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ike tàbí fáíbà ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi kìlógíráàmù 30 lọ, ènìyàn méjì lè gbé e, ẹ sì lè fi ayùn gé e bí ẹnu ọ̀nà bá há. Ẹ fi aṣọ bo imú, eruku fáíbà kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kàn án pẹ̀lú ìka. Èyí tó dún bí abọ́ páànù, irin pẹlẹbẹ ni, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sún mọ́ àpò sìmẹ́ńtì kan. Èyí tó dún wúwo bí ìgbà tí ènìyàn kan ògiri, irin tí wọ́n yọ́ dà ni, ó sì lè wúwo ju kìlógíráàmù 130 lọ, àpò sìmẹ́ńtì méjì ààbọ̀ tí ẹ kò lè pín sí ọ̀nà méjì.

Tiwa jẹ́ irin dídà. Ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé e gba ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn kò fẹ̀ fún un. Òòlù ńlá la fi fọ́ ọ. Ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun funfun tó ń dán lára rẹ̀ máa ń ta bí gíláàsì. Ẹ fi dígí ààbò sójú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí àwọn ọmọdé sì wà níta pátápátá. Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ ti omi láti ibi tánkì. Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yóò ra àfọ́kù irin náà lọ́wọ́ yín, ẹ má jù ú nù.

Nígbà tí a kó àfọ́kù tán, mo rí ohun tí ogójì ọdún fi pamọ́. Iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù, ó dúdú, ó ń rùn. Níbi tí páìpù ti so mọ́ra, omi ń kán, ẹ̀kán kan, ó dúró díẹ̀, ẹ̀kán mìíràn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ògiri níbẹ̀, pílásítà náà sì ya sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Odidi ògiri yẹn, láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, la ní láti ha kúrò, kí a tún un rẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣírò iṣẹ́ yìí, ẹ fi ọjọ́ kan àti owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ẹ kò tíì rí.

Omi: bọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣáwà, báàtúbù

Ẹni tó kún báàtúbù wẹ̀ lo lítà 150. Ẹni tó dúró lábẹ́ ṣáwà tó ń tú lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lo lítà 80. Ẹni tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ lo bíi 20. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí tánkì onílítà 1,000 nílé ènìyàn márùn-ún tí kálukú ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: pẹ̀lú ṣáwà, ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni tánkì yóò gbẹ, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwẹ̀ nìkan ni mo ṣírò o, mi ò tíì ka abọ́ àti aṣọ fífọ̀. Bí ẹ bá ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ tánkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣirò yìí á yé yín ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ibi ìwẹ̀ tuntun gba ṣáwà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ omi kan sísàlẹ̀, tó ga tó kí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè wọ abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orí ṣáwà tó wà lókè. Páìpù kan náà ló ń gbé omi wá fún méjèèjì.

Agbára omi ni ohun kejì. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kò sí ohun tó ń ti omi ju gíga tánkì lọ. Bí tánkì bá fi mítà 10 ga ju orí ṣáwà lọ, agbára rẹ̀ yóò jẹ́ báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Ti ọ̀pọ̀ ilé kò ju mítà 2 tàbí 3 lọ, ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta báà kan. Orí ṣáwà ńlá tó fẹ̀ bí àwo, tí ó rẹwà ní ṣọ́ọ̀bù, omi kò ní jáde nínú rẹ̀ bí òjò. Á kàn máa kán láti àárín. Ẹ ra orí kékeré tí wọ́n ṣe fún omi tí agbára rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ kí páìpù tó ti tánkì wá jẹ́ ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin títí yóò fi dé balùwẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ di ìdajì ínṣì. Pọ́ǹpù á mú kí omi lágbára, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nígbà tí ọṣẹ wà lójú yín, tánkì nìkan ló kù.

Ti omi gbígbóná, mi ò ní sọ púpọ̀. Hítà tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń lo bíi wáàtì 3,500, ìyẹn áḿpù 15. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Ó ń fẹ́ wáyà tirẹ̀ láti ibi bírékà, pẹ̀lú áàtì tó dájú. Iná àti omi ń pàdé níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe é. Omi gbígbóná inú kẹ́tùlù tí ẹ pò mọ́ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì pa ẹnì kankan lára nílé wa, òun la ṣì ń lò fún màmá ní àárọ̀ ọyẹ́.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ àti ohun tó ń dí omi

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Ọ̀nà kẹta ni mo yàn, ilẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀. Táìlì ńlá, 60 sí 60, tó kù nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe pálọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, mo sì rò pé màá fi tọ́jú owó. Mo tẹ́ ẹ, ó dán, ó dára lójú. Nígbà tí màmá kọ́kọ́ wẹ̀, omi dúró ní igun ògiri, fífẹ̀ rẹ̀ bí àwo ìjẹun. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ sínú ihò. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbá a. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àlàfo àárín táìlì níbẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá, màmá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbẹ̀. Mo fọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú bí mi sí ara mi gidigidi, nítorí ẹsẹ̀ wọn gan-an ni mo ń tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ṣáwà ń ti ọ̀nà mẹ́rin wá sí ojú kan, bí inú àwo ọbẹ̀. Táìlì ńlá kò lè tẹ̀. Táìlì kéékèèké, onísẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 10, ló lè tẹ̀ lé ilẹ̀. Ààlà tó pọ̀ láàárín wọn tún ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú. Ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka, kí ẹ fi omi ọṣẹ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Táìlì ńlá dáa fún ògiri, torí àlàfo rẹ̀ kéré, ìdọ̀tí ò sì rí ibi pọ̀ sí.

Ìwọ̀n ìdàgẹ̀rẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan. Bí ògiri bá jìnnà sí ihò ní mítà kan ààbọ̀, ẹsẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ ga ju ihò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò, rọ́bà funfun tó ń fi inú hàn tí wọ́n bu omi sí, ni mo fi sàmì sí ara ògiri yíká nígbà kejì, mo ta okùn láti àmì kọ̀ọ̀kan dé ihò, mo wá tẹ́ sìmẹ́ńtì tẹ̀ lé okùn.

Táìlì àti sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín rẹ̀ kò dí omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń gbà á kọjá díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dí i gan-an ni èyí tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sábẹ́ táìlì, irú èyí tí wọ́n ń po mọ́ sìmẹ́ńtì. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fa ti àkọ́kọ́ ní òró, ẹ fa ti èkejì ní ìbú. Kó gun ara ògiri yíká tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré jù, ní ibi tí ṣáwà ń tú omi sí kó tó mítà 2. Igun ibi tí ilẹ̀ pàdé ògiri ló kọ́kọ́ máa ń là, ẹ fi àwọ̀n tàbí aṣọ tí wọ́n ń tà mọ́ ọn sí i.

Bó bá gbẹ, ẹ fi nílọ́ọ̀nù àti àkísà dí ihò pinpin, ẹ da omi sílẹ̀ kó kún tó ìka méjì, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá wà lábẹ́ ìlà lọ́jọ́ kejì, ó ń jò. Ẹ wá ibi tó ti ń jò kí táìlì kankan tó balẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo fo ìgbésẹ̀ yìí torí mo ń kánjú. Nígbà kejì, mo jí lẹ́ẹ̀mejì lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìlà pẹ́ńsù yẹn.

Ẹni tó bá yan tréè kò ní rí ọ̀pọ̀ wàhálà yìí. Ògiri nìkan ni yóò kùn, yóò fi sílíkóònù dí etí tréè níbi tó ti kan ògiri, ó parí. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì mọ́ sìmẹ́ńtì, èyí tó ìdí láti yan tréè.

Kọ́tìnì, gíláàsì, ọwọ́ ìdìmú

Kọ́tìnì kò wọ́n, ẹ lè fọ̀ ọ́, ẹ lè rà á ní Ọjà Ọba lónìí. Gíláàsì rẹwà, ó sì ń fẹ́ nínù lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rà á, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le, tí kì í fọ́ sí ṣóńṣó. Balùwẹ̀ àgbàlagbà kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì bí ààyè bá wà. Àgbàlagbà lè di kọ́tìnì mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, kọ́tìnì kò sì lè gbé ènìyàn.

Ọwọ́ irin tí wọ́n máa dì mú ni kí ẹ náwó lé. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90 láti ilẹ̀ ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa lò ó dúró níbẹ̀ kí wọ́n na ọwọ́ fún yín. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Bí ẹ bá lu ihò tí ẹ fi ike kékeré àti ìdè sí i, yóò fà yọ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi gbogbo ara kọ́ ọ. Kí ẹ tó lẹ táìlì, ẹ la ibi tí ọwọ́ irin máa wà, ẹ fi kọnkéré kún inú búlọ́ọ̀kù náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lu ihò.

Èwo lẹ lè ṣe fúnra yín?

Yíyọ báàtúbù, kíkó àfọ́kù, híha ògiri, kíkùn ohun tó ń dí omi, dídán omi wò, fífi sìmẹ́ńtì funfun dí àlàfo táìlì: gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é. Títẹ́ tréè náà, ó ṣeé ṣe fún ènìyàn méjì. Páìpù abẹ́ ilẹ̀, mo pe púlọ́ńbà, mo sì dúró tì í. Bàbá náà fi hàn mí pé páìpù pàápàá gbọ́dọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà sọ́kàwéè, ohun tí mi ò bá ti gbàgbé. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, bí ẹ kò bá ṣe é rí, ẹ pe bíríkìlà fún ọjọ́ kan yẹn péré. Iná, ti oníṣẹ́ iná ni.

Ní ti àkókò, ṣáwà orí báàtúbù jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Tréè lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ilẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ mi nígbà kejì, torí sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ gbẹ, ohun tí a kùn gbọ́dọ̀ gbẹ, omi gbọ́dọ̀ dúró wákàtí 24. Bí balùwẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ ti mọ ibi tí ilé máa wẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé la ti wẹ̀, a fi páànù mẹ́rin yí i ká.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè-Àrò pẹ̀lú ọmọ kékeré méjì, wá wo tiwa, ó sì fẹ́ irú rẹ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Dẹ́kìn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ihò rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun, ọkọ rẹ̀ kò sì fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì rí. Tréè tí ihò rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ni wọ́n rà, àwọn méjèèjì tẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, kò sì jò títí di òní.

Màmá ṣì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á jókòó sórí àga oníke, wọ́n á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha ara wọn bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á di ọwọ́ irin mú dìde, wọ́n á sì rìn jáde. Kí wọ́n tó wọ aṣọ tán, ilẹ̀ ti gbẹ dé igun.